Ṣọ́ọ̀kì Pupa Bàbá Tísà

Nígbà tí a sin Bàbá Tísà lọ́dún tó kọjá, eyín rẹ̀ méjèèjìlélọ́gbọ̀n ló bá a wọlẹ̀ lọ. Mo mọ̀, torí mo ti kà wọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń kà wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò la ẹnu, tí yóò fi ìka gbé ètè sókè kí n lè rí àwọn ti ẹ̀yìn, bí mo bá sì ṣì í kà, á ní kí n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti lé dáadáa ní ọgọ́rin ọdún kó tó lọ, ẹyọ kan kò sì mì nínú wọn. Àwọn tó wá kí wa kú ará fẹ́ra kù ń sọ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Màmá, ìyàwó rẹ̀, dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run ló fún un ní eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló ń bá a fọ̀ ọ́.

Bàbá tó bí bàbá mi ni. Gbogbo Òwu ló ń pè é ní Bàbá Tísà, torí ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa fún ọdún gbọọrọ kó tó fẹ̀yìn tì. Mo wà ní ìwé kẹrin nígbà tí iṣẹ́ gbé àwọn òbí mi lọ sí Èkó, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun àti Màmá títí mo fi jáde ilé-ìwé gírámà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí i àti ipò tó dì mú nínú ìjọ, kó lọ wo ìwé pẹlẹbẹ tí a pín níbi ìsìnkú. Ìwé náà dára, fọ́tò rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n kò sí ìjà kankan nínú rẹ̀, ẹni tó bá mọ Bàbá Tísà yóò sì mọ̀ pé ìtàn rẹ̀ tí kò bá ti ní ìjà nínú, ìtàn ẹlòmíràn ni.

Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé wa, bó ti wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé l'Ábẹ́òkúta. Orí rẹ̀ ni Bàbá máa ń jókòó sí láàárọ̀ pẹ̀lú ife omi àti orín àtá. Yóò jẹ ẹnu orín náà títí yóò fi dà bí ìgbálẹ̀ kékeré, yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún lókè, yóò sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parí sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín ló kàn. Kì í fi agbára ṣe é. Ó ní ẹni tó bá ń fọ eyín bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, èrìgì ara rẹ̀ ló ń ha. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá sì ti là sí ẹ̀gbẹ́, ó di ti bàtà nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ kankan kò sí lórí rẹ̀.

Kò fún àwa ọmọ ní aago. Ó ní kí a máa ka táìmùsì tébù nínú, láti orí méjì títí dé orí mẹ́fà, kí búrọ́ọ̀ṣì má sì kúrò lẹ́nu kí a tó parí. Ọmọ tó bá tètè jáde, á dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bi í pé mẹ́fà lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ mélòó. Títí di òní olónìí, mi ò lè fọ eyín kí n má ṣe ìṣirò. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ọkọ mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó máa ń rọra ti ilẹ̀kùn.

Súìtì kì í rìn káàkiri nílé wa. Bí àlejò bá mú àdídùn wá fún wa, Bàbá á gbà á, á dúpẹ́, á sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí di ọ̀sán Sátidé. A ó jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ, a ó sì lọ fọ ẹnu. Ó ní kí a jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan sàn ju kí a máa lá a láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ. Ohun tó tún kórìíra ni kí ènìyàn máa fi igi ìṣáná tayín. Níbi ìkómọ kan, ó gba ìṣáná lọ́wọ́ àna wa, àgbàlagbà ọkùnrin, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ojú tì wá. Bàbá bu omi fún ọkùnrin náà kó fi yọ ẹnu, ó ní, “Àdògán ni wọ́n ń ṣáná sí, àna mi, kì í ṣe ẹnu.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì pupa ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló bí gbogbo èyí tó kù.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ eyín. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, gbogbo ọmọ á tò sórí ìlà, Bàbá á sì máa kọjá níwájú wọn, kóówá á máa fi eyín hàn án. Ẹni tí kò bá fọ ẹnu wá, ìdí ìkòkò omi ni yóò gbà lọ, yóò bá orín níbẹ̀. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, Bàbá á fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa igi méjì tó dábùú ara wọn sí i lọ́rùn ọwọ́. Ìtumọ̀ àmì náà ni pé ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan eyín títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Omi oníyọ̀ nìkan ni kó máa fi yọ ẹnu. Ìdí tó ní ni pé egbò tí a kò bá fọwọ́ kàn ló ń tètè jinná, kò sì sí òbí tí kò rí ọgbọ́n nínú ìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé mìíràn kì í wo ẹnu ọmọ rárá. Àwọn òbí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn àmì yẹn ju ohunkóhun lọ. Bàbá mi, tí òun náà lọ sílé-ìwé ọ̀hún, jẹ́wọ́ fún mi pé òun fi ìgbálẹ̀ gún èrìgì òun lẹ́ẹ̀mẹta kí òun lè gba ṣọ́ọ̀kì, kí òun sì sinmi lọ́wọ́ orín fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá Tísà fúnra rẹ̀ kò tẹ̀lé òfin náà rí lójọ́ kan, torí èrìgì tirẹ̀ kò ṣẹ̀jẹ̀ rí.

Ẹni kan ṣoṣo tó bá a jiyàn lórí rẹ̀ láyé ìgbà yẹn ni Àlhájì Múfú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù mílíìkì àti bisikíìtì ní òdìkejì ọ̀nà. Ìjà àwọn méjèèjì kò lópin. Ìgò súìtì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlhájì, ó bá ojú ọmọ kékeré dọ́gba gẹ́lẹ́, Bàbá sì ní kó gbé e sẹ́yìn. Àlhájì gbé e sẹ́yìn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ìgò náà padà síwájú, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni Bàbá ń sọdá lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n jọ ń wo títì láìsọ nǹkan kan.

Bí wọ́n bá parí ìyẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, ìyẹn ẹnu ta ló mọ́ jù. Bàbá ní òun ń fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ pẹ̀lú ìlànà. Àlhájì ní kí Mùsùlùmí tó kírun ló ń run orín, ìgbà márùn-ún ni ti òun. Bàbá ní òun ti gbọ́ ti ṣáájú ìrun, lẹ́yìn oúnjẹ ńkọ́, lẹ́yìn obì ńkọ́. Àlhájì wá ní, “Àwé, Ọlọ́run tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, mi ò lè gbé òórùn ẹnu lọ bá a.” Àlhájì yìí kan náà ló sọ fún un pé òun náà ti rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu òun rí, pé òun run orín òun lọ ni, ó sì dá. Bàbá ní ti ẹni tó ń ta súìtì kọ́ ni òun máa gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ eyín.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí mo bá fọ́tò ìgbéyàwó wọn nísàlẹ̀ àpótí. Bàbá nìyẹn tó wọ kóòtù, ó le mọ́lẹ̀ bí òpó. Ọmọbìnrin kan dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín iwájú rẹ̀ hàn, èjí rírẹwà kan sì wà láàárín méjì tòkè. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Màmá tí mo mọ̀ kì í rẹ́rìn-ín hàn ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, á fi ìṣẹ́tí ìró tàbí àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ nìkan ni a ó máa rí tó ń mì. Mo gbé fọ́tò náà lọ bá a, mo bi í pé ta ni obìnrin yìí.

Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Èmi ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí tísà lẹ́nu ni.”

Nígbà tí mo dàgbà ló sọ ìyókù fún mi, níbi tí a ti jọ ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Oyún bàbá mi ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí èrìgì rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹ̀jẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò fa ṣọ́ọ̀kì sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló fún un: kó dáwọ́ dúró títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ náà á dá fún ọjọ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀, òun náà á tún dáwọ́ dúró. Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdọ̀tí dì mọ́ ìdí eyín rẹ̀, ó le, èrìgì ń sún sẹ́yìn, eyín wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Méjì tó bí èjí yẹn ló kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n tó bí mi, mẹ́rin tòkè ti tán níwájú. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tó fẹ́ràn jù láyé, àwa ló ń sè é fún. Òun kì í jẹ ẹ́, ó ń bẹ̀rù òkúta tí ojú kò bá rí.

Bàbá ní ìran wọn ni. Ó ní eyín kì í pẹ́ lẹ́nu àwọn ará ilé ìyá Màmá. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bú ènìyàn, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé àwọn kan ga, àwọn kan kúrú. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ẹni tó ń sọ ọ́ ní eyín méjìlélọ́gbọ̀n.

Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Mo ti lọ́kọ nígbà yẹn, mo sì wá kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ti pe dókítà eyín kan wá bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní kí a máa fọ eyín láàárọ̀ àti kí a tó sùn, kí a dín ṣúgà kù, kí a sì máa wá sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kódà bí nǹkan kan kò bá dùn wá. Bàbá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó dé orí èrìgì ló dá orí mímì dúró. Dókítà náà ní ìdọ̀tí ìdí eyín ló sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀, pé ẹni tó bá tìtorí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ fífọ̀ dúró, ńṣe ló ń kó ìdọ̀tí kún ìdọ̀tí. Ó ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fọ̀ ọ́ lọ jẹ́jẹ́, kó sì wá kí àwọn bá a họ èyí tó ti le kúrò.

Bàbá dìde. Gbogbo ìjọ mọ̀ pé yóò dìde. Ó kí i kú iṣẹ́, ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun fi kọ́ àwọn ọmọ Òwu pé kí wọ́n fi èrìgì tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pé egbò kì í fẹ́ ọwọ́.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀ níbi tó dúró sí. “Ẹ má bínú sí mi, sà. Àwọn tí ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ṣé eyín wọn ṣì wà lẹ́nu wọn?”

Bàbá la ẹnu láti fèsì. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí apá ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Màmá wà lórí àga kẹta, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀ láìṣẹ́jú. Bàbá pa ẹnu dé, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i kó jókòó rí láìjẹ́ pé òun ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù, ó mú ìwé kíkọ olójú-ewé ọgọ́ta kan dání, ó sì lọ bá dókítà náà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ ló lọ, ọ̀sán ló dé. Ó ti kọ nǹkan kún ìwé náà dé ìdajì. Dókítà ti fi eyín oníke hàn án, ó ti ṣàlàyé, ó sì ti ní kó jókòó kí òun wo tirẹ̀ náà. Wọ́n bá ìdọ̀tí tó ti le lẹ́yìn eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì họ ọ́ kúrò. Èyí dùn ún gan-an. Ó ń sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹni tí wọ́n gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ níṣojú àlejò. Àlhájì Múfú ní òun gbọ́ pé irú fífọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú eyín mì. Bàbá ní òun náà ti gbọ́ ọ, àti pé ìdọ̀tí tó bá ń di eyín mú kò yàtọ̀ sí ikán tó ń di òpó mú. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń lọ, ó sì ń lé wa lọ. Bí mo bá ní nǹkan kan kò ṣe mí, á ní, “Kó tó dùn ọ́ ni kí o ti lọ. Ta ní ń dúró kí òrùlé jò tán kó tó pe káfíńtà?”

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ó lọ bá ọ̀gá tó wà nílé-ìwé rẹ̀ àtijọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo gbé e lọ. Ó dúró níwájú àwọn ọmọ, ó yọ ṣọ́ọ̀kì pupa kan nínú àpò, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. “Èyí ni mo fi ń fa àmì sí àwọn bàbá àti ìyá yín lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn lórí ẹ̀jẹ̀ èrìgì kò tọ́. Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún wọn pé Bàbá Tísà ní òun ṣì í.” Ó wá sọ èyí tó tọ́ fún wọn, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, torí ohun gbogbo ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ sí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sápò padà.

Mo rò pé ó parí nìyẹn, àfi bó ṣe fa ìwé yọ. Ó ti kọ orúkọ gbogbo àwọn tó rántí pé òun sábà máa ń ṣàmì sí. Fún bí oṣù mẹ́ta, Sátidé mi kò jẹ́ tèmi mọ́. A ń lọ láti ilé dé ilé ní Òwu, òun níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ojú dídì. Mo ní kó jẹ́ kí a máa pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní ojúkojú ni òun fi kọ́ wọn, òun kò lè fi fóònù gbà á padà. Ọ̀pọ̀ wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Bàbá jókòó mu omi. Ìyá kan kò rẹ́rìn-ín. Ó wò wá láti ẹnu ọ̀nà, ó ní Bàbá ti pẹ́ kó tó dé. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun pẹ́, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Èyí tó jìn jù ni ti Sùnmọ́nù, tó ń dáko ní Ìtórí. A bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń to gbágùúdá sínú àpò. Ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ni, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti dín mẹ́rin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, Bàbá sọ tirẹ̀, Sùnmọ́nù fetí sí i dé òpin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹgba tí ẹ nà mí nígbà yẹn ju ti eyín lọ, ẹ ò wá bẹ̀ mí nítorí ìyẹn.”

Bàbá ní, “Ẹgba yẹn tọ́ sí ọ. Ti eyín nìkan ni mo ṣì.”

Sùnmọ́nù fún wa ní gbágùúdá kún búùtù ọkọ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Bàbá kò sọ nǹkan kan fún Màmá. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n họ ìdọ̀tí, wọ́n sì gba eyín mọ́kànlá tó kù lẹ́nu rẹ̀ là. Ó ní kí wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún un sí iwájú, kí wọ́n sì fi èjí sí i, bó ṣe wà nínú fọ́tò. Láti ìgbà tí eyín náà ti dé, òun ló ń fọ̀ ọ́. Ọkùnrin tí kò fọ abọ́ rí láyé rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni yóò na ọwọ́ sí Màmá, Màmá á yọ ọ́ fún un, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ létí ẹ̀rọ, yóò sì gbé e sínú ife omi. Màmá kì í fi í sẹ́nu àyàfi lọ́jọ́ Ìsinmi. Bó bá sì fi í sẹ́nu náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń bo ẹnu.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí Bàbá ń ṣe tó báyìí. Ó ń ká aṣọ, kò sì gbójú sókè.

“Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo Òwu,” ó ní. “Ó wọ mọ́tò dé Ìtórí lọ sọ ọ́ fún Sùnmọ́nù. Èmi tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, mo ṣì ń retí.”

Inú bí mi débi pé mi ò lè mú un mọ́ra. Mo jọ Bàbá ní ti ìyẹn. Mo lọ bá a lórí àpáta, mo ní kí ló rọ̀rùn nínú kí ènìyàn tọrọ gááfárà lọ́wọ́ igba ọmọ ilé-ìwé tí kò lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo rò pé yóò lé mi. Ó ń yí orín lọ́wọ́. Ó ní àwọn yẹn, ẹ̀kọ́ ni òun lọ tún ṣe fún wọn. Ó wá pe Màmá lórúkọ, ó ní, “Ti Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Mo rí eyín rẹ̀ tó ń tán lọ lójú mi, mo sì ń pè é ní ìran wọn. Ẹnu mi kò tíì gbé e.” Mo bá a gbé ife omi rẹ̀ wọlé.

Ọdún ń gorí ọdún, ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Ó wá di ọdún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀. Kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà kì í ṣe ìgbà tí yóò rìn, ta ni yóò máa fọ eyín òun ni. Màmá ní òun ni. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, á tẹ́ tówẹ̀lì sí i láyà, á sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún lókè. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ kí n lè dúró tì wọ́n, mo sì ń rí bí ojú Bàbá ṣe ń wo òkè àjà. Mo mọ̀ pé táìmùsì tébù ló ń kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ wà lórí búrọ́ọ̀ṣì náà. Èrìgì tí kò ṣẹ̀jẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá nítorí oògùn, bóyá nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn kì í rí bí ọwọ́ ẹni. Màmá rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì náà jáde, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ti ọjọ́ náà nìkan ló ń wò.

Bàbá fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ Màmá mú, ibi tó máa ń fa ṣọ́ọ̀kì sí fún àwọn ọmọ gan-an.

“Má dáwọ́ dúró,” ó ní. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. “Èmi ni mo ní kí o dáwọ́ dúró nígbà yẹn. Kì í ṣe ìran yín. Èmi ni, Àbẹ̀kẹ́. Jọ̀ọ́.”

Màmá gbé búrọ́ọ̀ṣì padà, ó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ títí dé apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó bu omi fún un kó fi yọ ẹnu, ó sì nù ún. Nígbà tó parí ló wá wò ó lójú, tó bi í pé mẹ́fà lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ mélòó. Bàbá ronú, ó ní mẹ́rìnléláàádọ́ta. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Kò fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu lọ́jọ́ náà, àlàfo iwájú ẹnu rẹ̀ hàn gbangba, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí tówẹ̀lì àyà ọkọ rẹ̀. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bàbá Tísà kú, ní ìrọ̀rùn, láàárín ẹbí rẹ̀. A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, mo gbọ́ ìró omi lẹ́yìn ilé, mo jáde lọ wò ó. Màmá ló jókòó sórí àpáta, ní ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó ń fọ mọ́kànlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tutọ́, pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó rí i pé mo rí i.

“Kí lò ń wò?” ó ní. “Wọ́n ní kí n má dáwọ́ dúró.”